Wọ́n ní kí màmá mi lọ rù ná kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ṣé wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Agric la ń gbé, ní Ìkòròdú níbí. Ẹni ọdún 54 ni màmá mi, ẹja tútù ni wọ́n ń tà ní ọjà Sábó. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìdodo wọn ti yọ síta, ó ń tóbi sí i, ó sì máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ti gbé páálí ẹja. A lọ sí ọsibítù àdáni kan, wọ́n ní hẹ́níà ni, pé ohun inú ikùn ló ń gba ibi tí ara ikùn ti fẹ́lẹ́ yọ síta. Wọ́n wọn màmá, kílò 112, gíga wọn mítà 1.62. Dókítà ní àwọn ò lè ṣe é, kí wọ́n lọ dín kílò 30 kù ná kí wọ́n tó padà wá. Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Mama, ẹ̀bà yẹn ti pọ̀ jù." Wọn ò fún wa ní ìwé, wọn ò fún wa ní oògùn, wọn ò dá ọjọ́ kankan fún wa. Látìgbà yẹn màmá ti ń mu tíì tí wọ́n fi ń fa ikùn wọlé, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ọsibítù sétí mọ́. Ṣé ó dáa kí dókítà máa lé aláìsàn torí pé ó sanra?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú màmá o. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó le jù kúrò nílẹ̀. Tí nǹkan bá ti di pàjáwìrì, kò sí dókítà, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí ọsibítù kankan ní Nàìjíríà tó láṣẹ láti kọ màmá rẹ, wọn ì báà jẹ́ kílò 60, wọn ì báà jẹ́ kílò 200. Tí kì í bá ṣe pàjáwìrì, dókítà láṣẹ láti sọ pé ẹ jẹ́ ká dúró ná, kódà ó láṣẹ láti sọ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa níbí, àwọn ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ ló láàánú yín jù. Ohun tí kò láṣẹ láti ṣe ni kó ní kí aláìsàn máa lọ, kó wá dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, ó ṣeé ṣe kí ìdí tí wọ́n fi dá iṣẹ́ abẹ yẹn dúró tọ́, bí wọ́n ṣe dá a dúró ni kò tọ́ rárá, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀, ẹni tínú ń bí á ní dókítà burú, ẹni tó ń gbèjà dókítà á ní aláìsàn ló jẹun jù, ìjà á wá gba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí kí n tó rẹ̀tíà, apá ibi orí aláìsàn ni mo máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fún wọn lóògùn oorun. Torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa ń rí níbẹ̀, kó o má lọ rò pé ìwọ̀sí nìkan ló ń mú kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ kílò.

Èèyàn tó bá sanra gan-an, tó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ikùn á máa ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ọ́síjìn tó lè wà nípamọ́ níbẹ̀ á dín kù. Oògùn oorun bá wọlé, kò lè mí fúnra ẹ̀ mọ́, àwa la fẹ́ máa mí fún un, a sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ kí ọ́síjìn yẹn tó tán. Lára ẹni tí kò sanra, àyè díẹ̀ wà láti ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lára ẹni tó tóbi, àyè yẹn kúrú, ọrùn ki, ahọ́n gba gbogbo ẹnu, nǹkan tá a fẹ́ rí ò hàn. A máa ń ká aṣọ tíátà, a máa ń to ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká àti orí wọn títí etí wọn á fi bá òkè àyà dọ́gba, kí ọ̀nà ọ̀fun lè là, ìtò yẹn nìkan gba ọgbọ́n, ẹni tí kò ṣe é rí á kàn ti ìrọ̀rí kan sábẹ́ orí ni. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn máa ń dún pí, pí, pí, tí ọ́síjìn bá ti ń lọ sílẹ̀ ohùn ẹ̀ náà á máa lọ sílẹ̀, o ò tiẹ̀ ní láti wo ojú ẹ̀rọ, etí rẹ á ti sọ fún ẹ, gbogbo tíátà á kàn pa lọ́lọ́.

Ìyẹn nípa oorun nìkan o. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọ̀rá ò pọ̀, torí náà ọgbẹ́ tí wọ́n bá là gba inú ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jinná, ó sì máa ń yá a láti ṣọyún. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ti hẹ́níà wá tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí agbára tó ń ti ikùn síta látinú wà lára ohun tó fà á, wọ́n lè rán an tán, wọ́n lè fi nẹ́ẹ̀tì sí i, kí ikùn yẹn ṣì máa tì, kó sì tún já lẹ́yìn ọdún kan, èkejì á sì wá le ju àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ tó gbọ́n fi máa ń sọ pé ká dín in kù ná, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹni tó sanra.

Wàyí o, fi ìyẹn sínú ọsibítù àdáni kékeré kan ní Ìkòròdú. Dókítà kan, nọ́ọ̀sì méjì, ẹni tó ń fúnni lóògùn oorun ń ti ibòmíì bọ̀, wọ́n pè é lórí fóònù ni. Kò sí ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè. Sílíńdà ọ́síjìn méjì, jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níta tó ń hó. Tí màmá bá jí tán tí wọn ò wá mí dáadáa ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n máa gbé wọn sọ́kọ̀ kọjá Mile 12 kí wọ́n tó débi tí ẹ̀rọ ìmí wà, ìwọ náà mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń há ní Mile 12. Dókítà tó bá wo gbogbo ìyẹn tó ní èmi ò lè ṣe é níbí, mo gbóríyìn fún un. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni dókítà tó bá ní ẹ má wòó, ẹ kàn lọ wá owó wá.

Ṣùgbọ́n "kò ṣeé ṣe níbí" yàtọ̀ sí "kò ṣeé ṣe". Wò ó, iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń ṣe láti fi dín agbẹ̀du kù kí èèyàn lè rù, àwọn tó sanra ju màmá rẹ lọ ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Wọ́n ń kun wọ́n lóorun, wọ́n ń là wọ́n, wọ́n ń jí, wọ́n ń rìn lọ sílé, kódà wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Tó bá jẹ́ pé kílò 112 nìkan ti tó láti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, ta ló wá ń ṣe ìyẹn fún àwọn tó jẹ́ 150? Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀dì tó lè gbé wọn, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn wọn gùn tó, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn lójoojúmọ́. Torí náà tí dókítà bá ní òun ò lè ṣe é, ìbéèrè tó kàn ni "ta ló lè ṣe é, ẹ kọ lẹ́tà fún wa lọ síbẹ̀", tí kò bá dáhùn ìyẹn, kò tíì parí iṣẹ́ ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ màmá rẹ gan-an nìyẹn.

Jẹ́ ká wá sí kílò 30 yìí. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni BMI, wọ́n á fi gíga pín kílò lẹ́ẹ̀mejì. Ti màmá rẹ, 112 pín sí 1.62, tún pín in sí 1.62, ó máa fún ẹ ní nǹkan bíi 42.7. Láti 30 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù, láti 40 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní èyí tó le jù. Ará Belgium kan, Adolphe Quetelet, ló gbé ìṣirò yẹn kalẹ̀ láyé 1830, kì í sì í ṣe dókítà, onímọ̀ ìṣirò ni, ó ń wá bí ènìyàn lásán ṣe máa ń rí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn ni, kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Ìṣirò yìí ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, kò mọ̀ bóyá inú ikùn ni ọ̀rá wà tàbí ìdí, bẹ́ẹ̀ ti inú ikùn ló léwu jù. Kò mọ̀ bóyá màmá ní ṣúgà. Kò mọ̀ bóyá wọ́n lè gun àtẹ̀gùn kan láìsinmi. Àwọn nǹkan tí mo máa fẹ́ mọ̀ tí màmá bá ń bọ̀ ní tíátà mi nìyẹn, pẹ̀lú ìbéèrè kan tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣé wọ́n máa ń hanrun? Ṣé ó máa ń dà bíi pé èémí wọn dúró díẹ̀ lójú oorun kó tó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo? Ṣé oorun máa ń kùn wọ́n nídìí ìgbá lọ́sàn-án? Ìhanrun bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa pé ọ̀nà èémí máa ń dí, ó sì lè kó bá wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ju kílò lọ.

Nípa ẹ̀jẹ̀ ríru náà, jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ń wọn BP wọn, wo bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ apá. Tó bá kéré jù, tó jẹ́ pé wọ́n ń fagbára so ó, ó máa ka BP ju bó ṣe wà lọ. Mo ti rí àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru torí bẹ́líìtì kékeré. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ èyí tó tóbi, ẹ má tijú.

Lórí ti hẹ́níà ìdodo, BMI 35 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ kí èèyàn wá sí kí wọ́n tó ṣe é láìsí kánjúkánjú. Pẹ̀lú gíga màmá, 35 jẹ́ nǹkan bíi kílò 92, ìyẹn ni pé kílò 20 ni wọ́n máa dín, páálí ẹja kan gan-an. Ibo wá ni 30 ti wá? Mo rò pé ó kàn sọ ọ́ ni, nọ́ńbà tó tóbi tó máa jẹ́ kí aláìsàn má padà wá mọ́. Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń sanwó ọsibítù, àwọn tó ń ṣàkóso owó ìlera ní agbègbè York kéde ní 2016 pé ẹni tí BMI ẹ̀ bá ti tó 30 máa dúró fún odindi ọdún kan kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe kánjúkánjú fún un, àfi tó bá dín 10 nínú ọgọ́rùn-ún kílò ẹ̀ kù, àwọn tó ń mu sìgá náà sì máa dúró oṣù mẹ́fà. Ariwo ta, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ bínú, wọ́n ní owó lẹ̀ ń wá ọ̀nà àtifi pa mọ́, ẹ wá ń fi ìlera bojú. Agbègbè Hertfordshire níbẹ̀ náà tún gbé irú ẹ̀ jáde ní 2017. Ní Florida, Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn kan bi àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ní 2011, 15 nínú 105 ọ́fíìsì ló ní àwọn kì í gba obìnrin tó bá ti sanra ju ìwọ̀n kan lọ, tí ẹ̀rọ tiwọn ò gbà, tàbí tí wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n lẹ́jọ́.

Mo fẹ́ kó o wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, wọ́n lè sọ pé owó gbogbo wa ni, kò tó, ẹ jẹ́ ká pín in fún ẹni tó máa jàǹfààní jù. Mi ò gbà pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó ṣeé jiyàn lé lórí. Níbí ńkọ́? Àpò màmá rẹ ni owó ti ń jáde. Wọn ò gba ipò ẹnikẹ́ni, wọn ò jẹ owó ẹnikẹ́ni. Ìdí méjì péré ló kù tí dókítà lè fi dá wọn dúró, ewu tó wà lára màmá fúnra wọn, tàbí orúkọ ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni má kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ dáa. Ìkejì ò dáa, ó kàn máa ń wọ aṣọ àkọ́kọ́ ni. Ọ̀nà tó o lè fi mọ èwo lèwo ò le, ẹni tó ń ro ti màmá á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí lẹ́yìn oṣù kan, ẹni tó ń ro ti orúkọ ò ní béèrè.

Ẹ̀bà yẹn ló wá kù. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé abẹ́ ẹ̀rín yẹn ni èrò kan wà pé ẹ lẹ fọwọ́ ara yín fà á, ẹ lọ tún un ṣe. Ó dáa, ọlọ́kadà tó wa ọ̀kadà láìdé akoto, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dá sí méjì, tí wọ́n gbé e dé ọsibítù eegun ní Ìgbóbì, ṣé wọ́n máa ń ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ná? Ọ̀gá tó mu ọtí títí ẹ̀dọ̀ fi wú, ṣé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọ ẹ̀? Ẹni tó lówó tí ikùn ẹ̀ yọ, "Chairman" ni wọ́n ń pè é. Obìnrin ọlọ́jà ló di ẹlẹ́bà.

Àti pé kì í ṣe ẹ̀bà nìkan. Ní 1990 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìbejì ní Sweden tí wọ́n tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Táíwò nílé kan, Kẹ́hìndé nílé míì, tí wọ́n dàgbà tán ìsanra wọn jọra gan-an, ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ká má tan ara wa. Ní 1994 wọ́n tún rí leptin, nǹkan tí ọ̀rá fúnra ẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nípamọ́. Tí èèyàn bá rù, leptin á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á rò pé ìyàn mú, ebi á máa pa onítọ̀hún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara á sì máa ṣún agbára jẹ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dín kílò 15 kù lọ́dún tó kọjá fi máa ń gbà á padà, kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni. Fi àwọn oògùn kún un, prednisolone àti dexamethasone tí àwọn èèyàn ń rà ní kẹ́míìsì fún ara ríro láìsí ìwé dókítà máa ń mú èèyàn wú, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan wà tó máa ń ṣe é fún àwọn obìnrin kan, insulin tí wọ́n ń gún fún ṣúgà náà ń ṣe é. Tí ẹ̀yà ara kan lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, èèyàn á sanra. Ṣé dókítà yẹn béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí? O ò kọ ọ́, mo sì gbà pé kò béèrè.

Iṣẹ́ màmá náà ńkọ́. Ẹni tó ti ń já ẹja nídàájí, tó jókòó sídìí ìgbá títí ilẹ̀ fi ṣú, tó jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa tó jẹ oúnjẹ gidi àkọ́kọ́, tó sì ń sùn lórí ẹ̀. Àwa náà la sì ń rí wọn níbi ìnáwó tá à ń ní "Ìyá, ara yín ń dán o, owó ń bẹ!" Wọ́n bá dé ọsibítù, ìdán yẹn á wá dẹ̀ṣẹ̀.

Mi ò sọ pé kí màmá má rù o. Kí wọ́n rù. Ìnira hẹ́níà máa dín kù, orúnkún máa fúyẹ́ fún wọn (ìwádìí kan lórí àwọn tí aromọléegun mú fi hàn pé kílò 1 tó bá kúrò lára máa ń gbé nǹkan bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan), ṣúgà náà máa rọlẹ̀ tó bá wà. Kódà tí wọn ò bá tiẹ̀ dé 92, tí wọ́n bá dé 101 péré, tí ṣúgà àti BP wọn sì wà ní ìkáwọ́, oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ lè ní ó ti tó, torí hẹ́níà tó ń tóbi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ewu dídúró náà wà lórí ìwọ̀n, ó yẹ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu ṣíṣe é kí wọ́n wò ó. Ìyẹn gan-an ni dókítà yẹn ò ṣe. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Tíì yẹn, kí wọ́n pa á tì lónìí. Ewé kan tó ń jẹ́ senna ló máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ ló ń mú èèyàn yà, omi ló ń gbà lára, ọ̀rá ò kúrò níbì kankan. Téèyàn bá mu ún lọ títí, potassium inú ẹ̀jẹ̀ máa lọ sílẹ̀, ìyẹn máa ń da lílù ọkàn rú, èmi ò sì ní fẹ́ kí aláìsàn bẹ́ẹ̀ wọ tíátà mi. Abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn rù tí gbogbo ayé ń sọ yẹn, semaglutide, oògùn gidi ni, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìsanrajù ní 2021, àmọ́ ó wọ́n, ayédèrú ẹ̀ sì wà níta, tí màmá bá máa lò ó àfi látọwọ́ dókítà, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó máa fún wọn lóògùn oorun, torí ó máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú agbẹ̀du, ẹni tó bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tíátà pẹ̀lú oúnjẹ nínú lè bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Òfin tó o béèrè wà. National Health Act ti 2014, abala 20, sọ pé ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú aláìsàn ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní ju oṣù 6 lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Abala 23 ló kan èyí tí kì í ṣe pàjáwìrì, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn ohun tó ń ṣe é, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, ewu àti àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye tó máa ná an, àti lédè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. "Ẹ lọ dín kílò 30 kù" ò tíì sún mọ́ ìyẹn. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 náà sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀wọ̀. Tó o bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, HEFAMAA ni ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ọsibítù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, màá kọ́kọ́ tọ́jú màmá ná, ẹjọ́ á dúró dè ọ́.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Padà sí ọsibítù yẹn, ìwọ nìkan, má mú màmá lọ, kó o sì gba ìwé àyẹ̀wò àti lẹ́tà lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH, àwọn ọsibítù ńlá ti yunifásítì ní Èkó, tí wọn ò bá fún ẹ, General Hospital Ìkòròdú lè wò wọ́n kí wọ́n sì kọ ọ́. Tí màmá bá wà lórí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìjọba Èkó, ibi tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú oníṣẹ́ abẹ, ìwọ ni kó o béèrè, torí ojú á ti máa ti màmá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dín kílò kù, kílò mélòó, títí dìgbà wo, ta ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ìgbà wo la máa padà wá kẹ́ ẹ wò ó, tí hẹ́níà bá sì ń tóbi sí i kí wọ́n tó rù tó, kí lẹ máa ṣe?" Kọ ìdáhùn sílẹ̀ níwájú wọn. Dókítà tó bá mọṣẹ́ ò ní bínú. Ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ṣúgà, thyroid, kí wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ ìhanrun. Ní báyìí ná kí màmá má gbé páálí mọ́, kí ọmọdé máa bá wọn gbé e, kí wọ́n má sì máa fipá ya ìgbẹ́.

Tí hẹ́níà yẹn bá deedee le gbandi lọ́jọ́ kan, tí kò wọlé mọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí àwọ̀ ibẹ̀ bá yí padà, tí wọ́n bá ń bì, tí ikùn wú tí wọn ò lè só, ìfun ti há síbẹ̀ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́, wákàtí lẹ̀ ń kà, ẹ ò ka ọjọ́. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró ra á, kí wọ́n má jẹ, kí wọ́n má mu. General Hospital ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ kílò níbẹ̀, sọ fún un pé pàjáwìrì ni. Tí wọ́n bá ní ó ju agbára àwọn lọ, ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fa omi sí wọn lára, kí wọ́n fi rọ́bà sí imú wọn láti fa ohun tó wà nínú agbẹ̀du, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì fóònù ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ kí áḿbúláǹsì tó gbéra.